Láti Ojúlé dé Mítà: Òṣùwọ̀n Ilẹ̀ Ilé ní Àkúrẹ́

Kí àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó mú ẹsẹ̀ bàtà dé, iye ojúlé àti àgbàlá ni àwọn baba wa fi ń sọ bí ilé ti tóbi tó. Ní àwọn ọdún 1970, sáà tí Àkúrẹ́ di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó (1976), Nàìjíríà yí sí mítà. Òfin yí, ẹnu kò yí: ẹsẹ̀ bàtà ni onílé Ìsíkàn ṣì ń pe yàrá rẹ̀, mítà ni a sì fi ń ta táìlì. Yàrá tí ó jẹ́ 12 ní òró, 12 ní ìbú, gba ẹsẹ̀ bàtà onígun-mẹ́rin 144. Ẹni tí ó bá ka mítà sí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, bí yáàdì, yóò fi 9 pín in, yóò sì ra mítà 16. Bẹ́ẹ̀ ni iye tí ó tọ́ kò pé 13 àti ààbọ̀. Ó yẹ kí a máa kọ́ ọmọ wa ní òṣùwọ̀n méjèèjì.