Àpò Kan ní Ayétòrò

Àwọn tó ń ṣètò iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà ń jiyàn: ṣé ká kó gbogbo iṣẹ́ sínú ètò ńlá kan, àbí ká pín in sí wẹ́wẹ́, kí oníkálukú dá dúró? Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ìlú kan létí òkun Ìlàjẹ ti ṣe méjèèjì rí.

Lọ́dún 1947 ni àwọn Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Àpò kan ni wọ́n ń ná. Owó ẹja, owó aṣọ híhun, owó bàtà, ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ń wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń gbowó iṣẹ́, ìlú ló ń bọ́ wọn. Owó wà lójú kan, kíá niṣẹ́ ńlá ń yá. Ní 1953, iná mànàmáná ti tàn níbẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ṣì ń tan àtùpà. Ẹ ò rí nǹkan!

Àmọ́ bí àpò kan bá jò, ebi dé gbogbo ilé nìyẹn. Lọ́dún 1968 wọ́n tú u, oníkálukú ń ṣe tirẹ̀. Aláápọn ń jèrè iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ lóòótọ́. Ta ni yóò wá máa ra epo sẹ́rọ iná gbogbo ìlú? Lónìí òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé wọn lọ, odi tí yóò dá omi náà dúró sì ju agbára ẹnì kan lọ.