Ìtàn Ọ́kẹ́sírà Inú Kọ̀ǹpútà, láti Orí Téèpù dé Inú Géèmù

Ìtàn bí odidi ọ́kẹ́sírà ṣe wọ inú kọ̀ǹpútà ti fọ́n ká jù. Díẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tí ń ta ohun èlò orin, díẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tó fẹ́ràn géèmù, ohun tí àwọn kan ń sọ kì í sì í bá ti àwọn yòókù mu. Ó yẹ kí ẹnì kan kó o jọ síbi kan, pàápàá nítorí àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa. Ẹni tó wà ní Bassila tàbí Manigri, ní ẹkùn Donga ní Benin, tó ní kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, tó sì fẹ́ máa ṣe orin géèmù, kò nílò ọgọ́rin olórin kó tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ géèmù máa ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni àkójọ àfihàn iṣẹ́: orin ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, tí orin ogun, orin ìrìn àjò àti orin ìṣẹ́gun tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí ẹnikẹ́ni tó ta fáyólìn níbẹ̀. Ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ ní Vienna, Prague tàbí Lọ́ńdọ̀nù ni olórin náà ń fi ìka pè jáde lórí kíbọ́ọ̀dù.

Ta ló kọ́kọ́ dá ọgbọ́n fífi ìka pe ohùn àgbàsílẹ̀ yìí? Ibí ni àríyànjiyàn ti pọ̀ jù, ó sì yẹ ká fara balẹ̀ tú u. Ọ̀pọ̀ ìwé ló ń dárúkọ Mellotron, tí wọ́n ń ṣe ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 1963. Ẹ̀rọ tó jọ dùùrù ni. Lábẹ́ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan, téèpù kan wà tí a ti gba ohùn fèrè tàbí fáyólìn sí. Bí ìka bá ti tẹ bọ́tìnnì, téèpù á máa sáré, ohùn á jáde. Kò ní pé ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ tí téèpù á tán, àfi kí olórin ká ọwọ́ kúrò kí ó lè padà sí ipò rẹ̀. Fèrè tó bẹ̀rẹ̀ “Strawberry Fields Forever” ti àwọn Beatles ní 1967, inú ẹ̀rọ yìí ló ti wá. Ṣùgbọ́n ṣáájú Mellotron ni Harry Chamberlin, ará California, ti ń ṣe irú ẹ̀rọ kan náà láti ìparí àwọn ọdún 1940. Bill Fransen, tó ń bá a ta ọjà, ló kó ẹ̀rọ méjì lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1962, tó fi wọ́n han àwọn ọmọ ìyá kan tí wọ́n ń jẹ́ Bradley, láìsọ fún wọn pé Chamberlin ló ni iṣẹ́ náà. Nígbà tí Chamberlin gbọ́, ìjà dé, lẹ́yìn náà ni wọ́n jọ ṣe àdéhùn. Ẹ̀tọ́ ni kí a fi orúkọ fún ẹni tó ni ín: Chamberlin ló dá a, àwọn Bradley ló tún un ṣe tí ó fi kárí ayé.

Àríyànjiyàn kejì kò gba àkókò bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní Fairlight CMI, tí Peter Vogel àti Kim Ryrie gbé jáde ní Sydney ní 1979, ni kọ̀ǹpútà àkọ́kọ́ tó gba ohùn sílẹ̀ tó sì ń fi í kọrin. Irọ́ ni. Melodian ti Harry Mendell ti wà láti 1976. Ohun tí Fairlight ṣe ni pé ó gbé iṣẹ́ náà dé ọ̀dọ̀ àwọn olórin tó lówó lọ́wọ́. Ọ̀kan nínú ohùn tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ igbe ọ́kẹ́sírà kan ṣoṣo, tí a gé láti inú “The Firebird” ti Stravinsky. Afrika Bambaataa lò ó nínú “Planet Rock” ní 1982, lẹ́yìn náà kò sí ibi tí kò dé. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mìíràn, Emulator, dé ní 1981, Mirage àti Akai tẹ̀ lé e, owó ẹ̀rọ sì ń wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Inú géèmù ni iṣẹ́ náà ti wá di ọgbọ́n gidi. Ní oṣù kọkànlá 1990 ni Nintendo gbé ẹ̀rọ géèmù Super Famicom jáde ní Japan. Ken Kutaragi ti Sony ló ṣe ẹ̀yà tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde. Ohùn mẹ́jọ ló lè dún lẹ́ẹ̀kan náà, gbogbo ibi ìpamọ́ ohùn rẹ̀ kò sì ju kílóbáìtì 64 lọ. Ká ṣírò rẹ̀ wò: bí a bá fi ohùn tó dára jù lọ tí ẹ̀rọ náà lè gbé kún gbogbo àyè yẹn, kò ní tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin. Nínú àyè kan náà ni ètò tó ń darí orin àti gbohùngbohùn yóò ti gba tiwọn. Báwo wá ni ènìyàn ṣe máa kó fáyólìn, kàkàkí, fèrè àti ìlù síbẹ̀? Àwọn olórin Japan a gé ìbẹ̀rẹ̀ ohùn fáyólìn nìkan, ibi tí ọrun rẹ̀ ti kọ́kọ́ kan okùn, wọn a wá mú ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, wọn a máa yí i po kí ó lè dún pẹ́. Ohùn kan náà ni wọ́n ń fà sókè, tí wọ́n ń fà wálẹ̀, tí ó fi di gbogbo ohùn inú orin. Yuzo Koshiro fi ọgbọ́n yìí ṣe orin ActRaiser ní 1990, ẹnu sì ya àwọn tó gbọ́ ọ. Nobuo Uematsu, tí kò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ orin kankan, fi ṣe odidi ìran eré olórin nínú Final Fantasy VI ní 1994. Ẹni tó bá rò pé àìní ohun èlò ni kò jẹ́ kí òun ṣe orin ńlá, kí ó lọ gbọ́ ìran yẹn.

Ní ti géèmù tó kọ́kọ́ lo ọ́kẹ́sírà alààyè, àwọn kan dárúkọ Heart of Darkness, àwọn kan dárúkọ The Lost World ti Michael Giacchino ní 1997, àwọn kan dárúkọ Total Annihilation ti Jeremy Soule ní ọdún kan náà. Ìjà yẹn kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní.

Ohun tó ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni bí ohùn àgbàsílẹ̀ fúnra rẹ̀ ṣe dàgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Miroslav Vitous gba ohùn àwọn olórin Czech Philharmonic sílẹ̀ ní Prague. Ní 1998, ètò Gigasampler jẹ́ kí kọ̀ǹpútà máa ka ohùn tààrà láti inú háàdì dísìkì, kò tún sí pé ibi ìpamọ́ kéré mọ́. Ní 2000, Herb Tucmandl, tó ti ta sẹ́lò rí pẹ̀lú Vienna Philharmonic, dá Vienna Symphonic Library sílẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé ohùn kan kò tó: bí fáyólìn ṣe ń rìn láti ohùn kan bọ́ sí èkejì gan-an ni kí a gbà sílẹ̀. EastWest gbé tiwọn jáde ní 2003, Spitfire Audio bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2007. Wọ́n ń gba ohùn kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, kí ó má baà dún bí ẹ̀rọ nígbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ léraléra. Ọ́kẹ́sírà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbọ́ nínú géèmù Skyrim ní 2011, inú kọ̀ǹpútà Jeremy Soule ni púpọ̀ rẹ̀ ti wá. Àwọn akọrin ọgbọ̀n tó ń kọrin ogun inú rẹ̀ nìkan ni a pè wá kọrin ní tòótọ́, a sì to ohùn wọn léra kí ó lè dún bí àádọ́rùn-ún.

Àwa ńkọ́? Ọ́kẹ́sírà kì í ṣe àjèjì sí wa. Fela Sowande ti kọ “African Suite” fún àwọn ohun èlò olókùn ní 1944. Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, kọ orin Yorùbá mẹ́ta tí Philip Glass ṣe fún ọ́kẹ́sírà ní Luxembourg ní 2014. “Baba Yetu”, orin Swahili tí Christopher Tin ṣe fún Civilization IV, ló gba Grammy ní 2011, èyí tí orin géèmù kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Géèmù náà kì í ṣe àjèjì sí wa: Kiro'o Games ti Yaoundé, ní Cameroon, gbé géèmù Aurion jáde ní 2016.

Ṣùgbọ́n ìlù wa ni ohùn àgbàsílẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ wo ìyáàlù dùndún. Kọ̀ǹgọ́ á kan awọ, ọwọ́ kejì á fún ọ̀ṣán lẹ́yìn tí ohùn ti jáde, ohùn á sì gòkè kí ó tó parẹ́. Bí akọni inú géèmù bá ń jẹ́ Àbíkẹ́, onílù yóò lu ohùn ìsàlẹ̀, yóò fa èkejì láti ìsàlẹ̀ gòkè, yóò wá fi ẹ̀kẹta dúró lókè. Bí a bá tẹ bọ́tìnnì mẹ́ta lórí kíbọ́ọ̀dù, ohùn mẹ́ta tó yapa ni a máa gbọ́. Ìgòkè àárín yẹn ti sọnù, orúkọ kò sì jáde. Ludwig Göransson mọ èyí nígbà tó ń ṣe orin fíìmù Black Panther ti 2018. Massamba Diop, onílù ará Senegal, ló sọ fún pé kí ó fi tàmá, ìlù tó ń sọ̀rọ̀ bíi dùndún, pe orúkọ T'Challa, akọni fíìmù náà, kò gbé e lé kíbọ́ọ̀dù lọ́wọ́.

Ní ti ìsinsìnyí, owó kò tún ṣòro bíi tàtijọ́. Ohùn BBC Symphony Orchestra jáde ní 2019, ẹ̀yà kékeré rẹ̀ tẹ̀ lé e ní 2020, tí ènìyàn lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìlù yìí kan Manigri àti Bassila tí a fi bẹ̀rẹ̀. Èdè tí wọ́n ń sọ ní Manigri, tí àwọn ará Kambolé ní Togo náà ń sọ, bá Yorùbá tan. Anii ni ti Bassila. Èdè méjèèjì ló ń fi ìró ohùn ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀, bíi ti Yorùbá. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó wà níbẹ̀, ẹ gba fáyólìn lọ́dọ̀ àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má gba ìlù lọ́dọ̀ wọn. Ẹ lọ bá onílù àdúgbò yín, ẹ wá yàrá tí ariwo kò sí, ẹ gba odidi gbólóhùn ìlù sílẹ̀ dípò ohùn ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí ó lu ọ̀kọ̀ọ̀kan léraléra, ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì kọ orúkọ rẹ̀ sí àkójọ àfihàn iṣẹ́ yín.