Ahun, Ọ̀lawọ́, àti Adájọ́ Tó Ń Yan Ẹni

Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ní yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ kì í pẹ́ mọ olùkọ́ tó jẹ́ ahun máàkì, wọn kì í sì í pẹ́ mọ ọ̀lawọ́. Wọ́n á ní, "Lọ́wọ́ bàbá yẹn, bí o bá gba 55, máa dúpẹ́." Èmi ò rò pé ahun ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù. Ahun tó háwọ́ sí gbogbo ènìyàn bákan náà kò ṣojúsàájú. Ẹ fi máàkì márùn-ún kún ti gbogbo wọn, ọ̀rọ̀ tán. Ẹni tó yẹ ká ṣọ́ ni ẹni tó lawọ́ sí Àìná, tó háwọ́ sí Òjó, tó sì jẹ́ pé bí ẹ bá ro gbogbo máàkì rẹ̀ pọ̀, kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíràn. Báwo lèèyàn ṣe máa rí irú ẹni bẹ́ẹ̀ nínú iye lásán? Ìbéèrè náà ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Francis Ysidro Edgeworth, ọmọ ilẹ̀ Ireland tó padà di ọ̀jọ̀gbọ́n nípa ètò ọrọ̀ ajé ní Oxford, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ní 1888 ó tẹ àròkọ kan jáde lórí ìdánwò nínú ìwé àtìgbàdégbà Royal Statistical Society ní London, ó sì tún padà sí i ní 1890. Ìdánwò ni wọ́n fi ń yan àwọn tó máa ṣiṣẹ́ ìjọba nígbà náà, nílé àti ní India, máàkì kan péré sì lè gbé ọmọkùnrin kan wọlé kó ti ẹnì kejì rẹ̀ síta. Edgeworth fi ọgbọ́n tí àwọn awòràwọ̀ ń lò wò ó: bí ẹni mẹ́wàá bá wọn ibi tí ìràwọ̀ kan wà, wọn kò ní bá ara wọn mu, àṣìṣe wọn sì ṣeé ṣírò. Ó ṣàlàyé bí wọ́n ṣe fi àròkọ Látìn kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí aṣèdánwò 28. Ẹnì kan fún un ní 45, ẹnì kan fún un ní 100. Ìwé kan náà o!

Ní 1912, Daniel Starch àti Edward Elliott ti Wisconsin, ní Amẹ́ríkà, ṣe irú rẹ̀ pẹ̀lú ìwé ìdánwò èdè Gẹ̀ẹ́sì méjì lọ́wọ́ olùkọ́ 142. Máàkì ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ láti 50, ó sì kọjá 95. Àwọn ènìyàn ní àròkọ ló fà á, pé ìṣirò kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún lo ìwé jiọ́mẹ́tìrì lọ́dún kejì, ìyẹn tiẹ̀ burú jù: láti ìsàlẹ̀ 30 dé òkè 90.

Ṣùgbọ́n ìwé Philip Hartog àti E. C. Rhodes, tó jáde ní England ní 1935, ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n kó ìwé ìdánwò ìtàn 15 tí ó ti gba máàkì kan náà tẹ́lẹ̀, wọ́n fún aṣèdánwò 15 kí kálukú máàkì gbogbo rẹ̀. Ó lé lọ́dún kan lẹ́yìn náà, wọ́n tún kó ìwé kan náà padà fún 14 nínú wọn. Ìdájọ́ 210 nìyẹn: ta ló yege, ta ló kùnà, ta ló yege dáadáa. Nínú 210 yìí, 92 yí padà. Aṣèdánwò kan náà, ìwé kan náà, ẹni tó yege lánàá kùnà lónìí. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí ènìyàn kò bá bá ara rẹ̀ mu, a ò lè torí máàkì ẹyọ kan pè é ní olójúsàájú.

Ẹ jẹ́ ká wá fi àpẹẹrẹ kékeré wo ojúsàájú gan-an. Èmi ni mo ro iye wọ̀nyí o, ẹ má wá ìdíje náà kiri. Adájọ́ mẹ́ta, akọrin méjì, ọ̀kan ará Ìbàdàn, ìkejì ará Ìjẹ̀bú. Adájọ́ kìíní fún ará Ìbàdàn ní 60, ó fún ará Ìjẹ̀bú ní 50. Adájọ́ kejì fún wọn ní 50 àti 40. Ahun ni, àmọ́ àlàfo máàkì mẹ́wàá wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹ ya ìlà méjèèjì sórí bébà, wọ́n á máa bá ara wọn lọ bí ojú irin rélùwéè. Adájọ́ kẹta fún wọn ní 45 àti 55. Ẹ pín in dọ́gba: 50, láàárín 55 ti ẹni àkọ́kọ́ àti 45 ti ẹnì kejì. Bí a bá wo ìpíndọ́gba nìkan, òun ló dà bí oníwọ̀ntúnwọ̀nsì jù lọ. Àmọ́ ìlà tirẹ̀ gé ìlà àwọn méjì yòókù kọjá. Bí a bá fi ìwà rẹ̀ lápapọ̀ àti agbára akọrin kọ̀ọ̀kan ṣírò, nǹkan bíi 52 àti 48 ló yẹ kó fún wọn. Ìyókù yẹn, tí kì í ṣe ti adájọ́ nìkan, tí kì í ṣe ti akọrin nìkan, tó jẹ́ pé ìgbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé ló ń yọjú, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ń pè ní interaction. Ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìpàdé.

Akọrin méjì kò tó, ó gbọ́dọ̀ pọ̀ ní ìhà méjèèjì. Bí aṣèdánwò kọ̀ọ̀kan bá sì gbé ìdì ìwé tirẹ̀ lọ sílé, tí ẹlòmíràn kò fojú kàn án, ọ̀nà ti dí nìyẹn. Bí ìdì kan bá gba máàkì kékeré, ta ló máa mọ̀ bóyá ahun ló máàkì rẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀ ló kọ ọ́? Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwọn ìwé kan gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ ju ẹnì kan lọ.

Ibi tí ayé ti rí ìpàdé ní gbangba ni ìdíje ijó orí yìnyín ní Salt Lake City, ní oṣù kejì ọdún 2002. Adájọ́ mẹ́sàn-án ló jókòó. Márùn-ún fi àwọn ará Rọ́ṣíà méjì ṣáájú, mẹ́rin fi àwọn ará Kánádà ṣáájú. Adájọ́ ilẹ̀ Faransé ní wọ́n fúngun mọ́ òun, ó tún padà sẹ́ ọ̀rọ̀ náà, ariwo sì pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi fún àwọn ará Kánádà náà ní góòlù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ju òṣùwọ̀n àtijọ́ nù, wọ́n sì bo orúkọ àwọn adájọ́, kí aráyé má mọ ẹni tó fún ta ní kí ni. Wọ́n ní bí ẹni tó fúngun mọ́ adájọ́ kò bá lè mọ ohun tó ṣe, kò ní fúngun mọ́ ọn mọ́.

Eric Zitzewitz, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ní Dartmouth, ti ṣírò rẹ̀. Ó rí i pé adájọ́ máa ń gbé ọmọ ìlú rẹ̀ ga ju bí àwọn yòókù ṣe gbé e lọ. Kì í ṣe pé adájọ́ náà lawọ́ sí gbogbo ènìyàn, ọmọ ìlú rẹ̀ nìkan ni. Nínú eré fífò lórí ìrì dídì, níbi tí àjọ àgbáyé ti ń yan adájọ́, àwọn yòókù máa ń fa máàkì ọmọ ìlú adájọ́ náà wálẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń wí pé a rí ọ. Nínú ijó orí yìnyín, níbi tí ẹgbẹ́ orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ti ń rán adájọ́ tirẹ̀, àwọn yòókù tún ń gbè é lẹ́yìn ni, ràn mí lọ́wọ́ kí n ràn ọ́ lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n bo orúkọ, ojúsàájú yẹn kò dínkù, ó tún lé díẹ̀ ni. Ní 2016 wọ́n ṣí orúkọ sílẹ̀ padà.

Kì í ṣe gbogbo ìpàdé ló jẹ́ ìwà ìbàjẹ́ ṣá, ibí yìí lọ̀rọ̀ sì ti kan àwa onímọ̀ èdè. Ní 1989, ní Chicago, Mike Linacre fẹ iṣẹ́ Georg Rasch, onímọ̀ ìṣirò ará Denmark, lójú, débi pé a lè gbé olùdíje, ìbéèrè àti adájọ́ sórí ọ̀pá ìwọ̀n kan ṣoṣo, ká wá wo ohun tó ṣẹ́ kù. Paula Winke, Susan Gass àti Carol Myford lo ọgbọ́n yẹn lórí ìdánwò sísọ èdè Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ ní 2013. Àwọn adájọ́ tó ti kọ́ èdè Sípéènì rí lawọ́ díẹ̀ sí àwọn tí Sípéènì jẹ́ èdè abínibí wọn. Àwọn tó ti kọ́ Ṣáínà ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ Ṣáínà. Wọn kì í ṣe ìbátan, ẹnikẹ́ni ò sì fúngun mọ́ wọn. Etí wọn ló ti mọ ohùn náà. Ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ bí Yorùbá ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, odidi ọ̀rọ̀ ló máa gbọ́ níbi tí ará Scotland ti máa gbọ́ ààbọ̀.

Máàkì ta wá ni ká yí padà? Ìṣirò fi ibi tí ìlà ti gé ara wọn hàn wá, kò sọ ẹni tó tọ̀nà. Nínú àpẹẹrẹ mi lókè, adájọ́ kẹta lè jẹ́ ará Ìjẹ̀bú, ó sì lè jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́ orin náà dáadáa. Bí ìdánwò bá ń bèèrè bóyá àjèjì pátápátá á gbọ́ ọmọ yìí yé, etí tó ti mọ ohùn rẹ̀ ti lawọ́ jù. Bí ó bá ń bèèrè bóyá ọmọ náà gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, etí tí kò mọ ohùn rẹ̀ ló háwọ́. Ọ̀pọ̀ ìdánwò ni kò tíì sọ èwo ni wọ́n ń bèèrè.