Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt àti Ètò Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì ní Ìbàdàn

Nígbà tí òfin dá Ilé Ìwòsàn Yunifásítì (UCH) sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1952, àwọn Òyìnbó ni ó di ipò àṣẹ mú nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọjọ́ tí ọmọ Nàìjíríà di mátírọ́ọ̀nù níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà parí. Ìtàn Kòfowórọlá Àbẹ̀ní Pratt fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Èkó ni a bí i sí ní 1915. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì wù ú, ṣùgbọ́n baba rẹ̀ kò fọwọ́ sí i. Ó di olùkọ́. Ní 1946 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ Nightingale ní St Thomas'. Aláìsàn kan kọ̀ jálẹ̀ pé nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ tọ́jú òun. Pratt fara dà á, ó sì di nọ́ọ̀sì tí ìjọba mọ̀ ní 1950. Nígbà tí ó padà sílé ní 1954, a kọ́kọ́ fi ipò alábòójútó wọ́ọ̀dù dù ú, nítorí pé Òyìnbó ni a máa ń fi irú ipò bẹ́ẹ̀ pa mọ́ fún. Síbẹ̀, láàárín nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di mátírọ́ọ̀nù UCH.

Ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í jẹ́ àwá dé. Bí kò bá sí ibi tí a ti ń kọ́ àwọn tí yóò rọ́pò mátírọ́ọ̀nù, ipò náà yóò tún bọ́ sọ́wọ́ àlejò. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbọràn nìkan kò tó nọ́ọ̀sì mọ́. Ẹni tí ó ń kun aláìsàn lóorun fún iṣẹ́-abẹ, fún àpẹẹrẹ, ní láti mọ bí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ti ń ṣiṣẹ́, kí ó mọ ìwọ̀n oògùn, kí ó sì lè pinnu lójú ẹsẹ̀ bí èémí bá ń dínkù.

Ìdí nìyí tí ọdún 1965 fi ṣe pàtàkì. Ní ọdún náà ni Yunifásítì Ìbàdàn dá Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Nọ́ọ̀sì sílẹ̀, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Pratt sì wà lára àwọn tí ó ṣe akitiyan lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó di ọ̀gá àgbà nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀, ó sì ṣe kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó láti 1973 sí 1975. Ó kú ní 1992. Ipò a máa kúrò lọ́wọ́ onípò. Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ náà ṣì wà, ibẹ̀ sì ni aṣáájú ti ń bí aṣáájú.