Igba Ọ̀kẹ́: Ọjọ́ Kan Láti Ìkòròdú Dé Etí Òkun

Aago 6:05 àárọ̀, èbúté Ìpakodò, Ìkòròdú

Sátidé ni, nínú oṣù kejì ọdún, èrò kò pọ̀. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, dúró tì mí, ó ń gbọ̀n nínú kùrukùru. Láti ìgbà Kérésì ni ìyá rẹ̀ ti ṣèlérí bíìṣì fún un, èmi ni wọ́n wá ní kí n mú un lọ. Èmi náà sì ti ní ètò tèmi lọ́kàn. Mo kó ìgò oníke mẹ́ta dání. A ó bu omi ọ̀sà níbí, a ó bu ti Ẹ̀pẹ́, a ó bu ti òkun. Tó bá dalẹ́, a ó gbé e kaná títí yóò fi gbẹ, ká wo èyí tó níyọ̀ jù. Sáyẹ́ǹsì pọ́ńbélé. Mo tilẹ̀ ra ìwé tuntun àti rúlà.

"Àǹtí, èyí kì í ṣe bíìṣì o," ló wí.

Òótọ́ ni. Ọ̀sà ni, kì í ṣe òkun. Mo bi í pé kí ni ìyàtọ̀ àwọn méjèèjì. Ó ní òkun máa ń pariwo. Mo ti ń múra láti sọ̀rọ̀ iyọ̀, ni mo bá pa ẹnu mọ́.

Aago 7:20

Ìmọ́tà, Àgbówà, Ìtóìkín. Ó sùn. Mo jẹ àkàrà tiẹ̀ mọ́ tèmi.

Aago 9:15, Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́

Ó kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà kan tó ń ta ẹja, àmọ́ òyìnbó ló fi kí i. Màmá wò ó láti òkè délẹ̀. "Kí ni mo fi ṣe ọ́ tí o fi ń fòyìnbó lù mí láàárọ̀ yìí?" Mo sọ ọ́ sí i létí, ó tún un kí: "Ẹ kú ọjà o, màmá. Ajé á wọ igbá." Ojú ìyá náà tú ká, kò sì pẹ́ tí ó fi di olùkọ́ wa. Obòkun tó wà lórí àtẹ ti kú tipẹ́, àmọ́ àrọ̀ inú báàfù ṣì ń jà, bẹ́ẹ̀ omi inú báàfù náà kò ju ìwọ̀nba lọ. Ọmọ béèrè ìdí rẹ̀. "Àrọ̀ máa ń gòkè wá mí ni," màmá dáhùn, "ó ń gba afẹ́fẹ́ bí èmi àti ìwọ." Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìwé ẹ̀kọ́ nípa ẹja ṣe wí, àfi pé èdè tiwọn gùn ju tìyá lọ.

Mo ná àrọ̀ méjì. "Ẹgbàájì ni," ìyá wí. Ọmọ wo ojú mi. Kò ka òǹkà Yorùbá kọjá ogún rí nílé-ìwé. Mo ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin náírà ni. "Ẹgbàá lọ́nà méjì," ìyá tún un ṣe. "Ẹgbàá sì ni orí owó ẹyọ kan láyé àwọn ìyá tiwa."

Kí la ní ṣe pẹ̀lú owó ẹyọ? Mo fẹ́ sáré lọ bu omi mi. Ọmọ kò gbà.

Aago 10:30, etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́

A bu ìgò kejì, a jókòó sórí igi ọkọ̀ tó ti gbó. Kò yéé béèrè owó ẹyọ, mo sì rántí Kòsọ́kọ́. Lóṣù Disẹ́ńbà 1851, ìbọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lÉkòó. Òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ gba orí ọ̀sà wá sí Ẹ̀pẹ́, ìdí nìyẹn tí apá kan ìlú yìí fi ń jẹ́ Èkó Ẹ̀pẹ́ títí dòní. Ní ọjọ́ 28 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 1854, Kọ́ńsùlù Benjamin Campbell bá a ṣàdéhùn. Kòsọ́kọ́ kò ní da Èkó láàmú mọ́. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn yóò máa fún un ní ẹgbàá orí owó ẹyọ lọ́dọọdún, tàbí ẹgbẹ̀rún dọ́là, èyí tó bá wù ú.

"Èló nìyẹn?"

Ìgbà náà ni ìwé tuntun wúlò. Orí kan jẹ́ 2,000 ẹyọ. 2,000 lọ́nà 2,000 jẹ́ 4,000,000. Òun ló kọ òdo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó fi ìka ka wọn lẹ́ẹ̀mejì. Lédè Yorùbá ńkọ́? Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000, nítorí náà igba ọ̀kẹ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín: òdo mẹ́fà ti di ọ̀rọ̀ méjì péré.

"Ta ló ń kà á?"

Nínú gbogbo ìbéèrè ọjọ́ náà, èyí ló wù mí jù. A ṣírò rẹ̀. Bí èèyàn bá ń ka ẹyọ kan ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, láìsùn láìjẹun, yóò lo ọjọ́ 46 ó lé díẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kà á bẹ́ẹ̀. Àlùfáà Adolphus Mann, ará Jámánì tó ṣiṣẹ́ ìhìnrere nílẹ̀ wa, kọ ọ́ lọ́dún 1887 bí wọ́n ṣe ń da ẹyọ sílẹ̀ tí wọ́n ń fà á ní márùn-ún-márùn-ún, márùn-ún mẹ́rin di ogún, ogún márùn-ún di ọgọ́rùn-ún, ọgọ́rùn-ún méjì di igba. Ó ní inú ìṣesí ọwọ́ yẹn ni òǹkà wa ti jáde. Ẹ wo márùndínlógójì: kó ogójì jọ, kí o yọ márùn-ún kúrò. Èmi gan-an ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ọwọ́ ń bẹ nínú ọ̀rọ̀ náà. (Lọ́dún 1970 ni Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà gbáko. Ọmọ tèmi yìí kò rí irú rẹ̀.)

Aago 1:10 ọ̀sán, etí òkun Eléko

Ariwo ni a kọ́kọ́ gbọ́, ó sì wò mí bí ẹni tó ti sọ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo bu ìgò kẹta ní bèbè, mo kìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ wọ omi kọjá kókósẹ̀: òkun ibí kì í bá àlejò ṣeré. Kò tilẹ̀ wojú omi. Owó ẹyọ ló ń wá nínú iyanrìn.

Ó wá a fún wákàtí kan. Ó rí ìkarahun funfun, ó rí èyí tó láwọ̀ osùn, ó rí ihò akàn, ó rí ìdérí ìgò bíi mélòó kan. Kò rí ẹyọ kankan. Mo wá sọ fún un pé kò lè rí i. Erékùṣù Maldives, nínú òkun Íńdíà, ni wọ́n ti ń kó ẹyọ wọ̀nyẹn wá.

Inú bí i. "Kí ló dé tí wọn ò lo èyí tó wà níbí?"

Mo dákẹ́. Ó da iyanrìn láti ọwọ́ kan sí èkejì. Nígbà tó yá, ó ní: "Bó bá wà níbí, gbogbo èèyàn á kàn wá ṣa á." Mo sọ fún un pé ohun tó fara jọ bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ nígbà tó yá: àwọn oníṣòwò Jámánì kó ẹyọ ńláńlá láti Zanzibar wá ní ọkọ̀-ọkọ̀, agbára owó náà sì ń relẹ̀ ṣáá.

Kí a tó lọ, ó ju èèpo àgbọn sómi. Èèpo náà kò padà sí ẹsẹ̀ wa, apá òsì, ìlà oòrùn, ló ń sún lọ. A kà dé ọgọ́ta, a sì fi ẹsẹ̀ wọn ibi tó dé: ìṣísẹ̀ méjìlélógún. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyanrìn etí òkun wa ṣe ń rìn, láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sẹ́nu èbúté Èkó lọ́dún 1908, ògiri náà dí i lọ́nà, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Bar Beach lápá kejì. Mo ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ lórí èyí. Ó ti padà sídìí ìkarahun rẹ̀.

Aago 8:40 alẹ́, Ìkòròdú

Páànù mẹ́ta, omi ìdajì lítà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti òkun fi iyọ̀ funfun tó nípọn sílẹ̀, bó ti yẹ: lítà omi òkun kan a máa ní nǹkan bí gíráàmù márùndínlógójì. Ti Ìkòròdú fi díẹ̀ sílẹ̀, torí pé ní ẹ̀ẹ̀rùn òkun máa ń gba ẹnu èbúté Èkó wọnú ọ̀sà. Ti Ẹ̀pẹ́ kò ní ju àmì àwọ̀ ilẹ̀ kan lọ: omi odò bí Ọ̀ṣun ló pọ̀ jù lọ́hùn-ún. Mo jó páànù kan. Èyí tí mo gbèrò láti àárọ̀ rèé, ó yọrí sí rere, mo sì pè é pé kó wá wò ó.

Ó yọjú, ó ní "Ó dáa, Àǹtí," ó tún padà sórí ẹní. Ó ti fa àwọn ìkarahun rẹ̀ ní márùn-ún-márùn-ún. Okùn kan jẹ́ ogójì ẹyọ, mo ti sọ fún un nínú mọ́tò. Okùn méjì ló wà nílẹ̀, ó ku mẹ́ta lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ń kọ nǹkan sínú ìwé, ó ń pa á rẹ́, ó ń tún un kọ. Lẹ́yìn náà ló gbójú sókè.

"Ó ku 3,999,917."