Òrí Inú Igbá: Ìtàn Epo Tí Àwọn Ìyá Wa Fi Ń Pa Ojú



Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ẹni tí Ó mú igi hù, tí Ó sì fi òróró sínú èso rẹ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú ẹ̀sìn, nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọmọbìnrin kan nílé-kéú wa ní Ìpakodò níbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìborùn bo ojú wá sí kíláàsì. Ìyàwó mi pè é sí kọ̀rọ̀, ó bi í léèrè. Ìpara àpòpọ̀ tó rà lọ́jà ló ti bó o lẹ́rẹ̀kẹ́. Ìyàwó mi ní, “Kí ló dé tí o ò fi òrí pa ojú?” Ọmọ náà dáhùn pé, “Ẹ má bínú mà, tàwọn arúgbó ni òrí.” Ọ̀rọ̀ yìí ló mú mi kọ ìtàn tòní, torí ẹni tí kò mọ ìtàn ohun tó wà nílé rẹ̀ ni í fi owó gbowó ra ìpalára.

Ẹ jẹ́ kí á bẹ̀rẹ̀ láti inú Àlùkùránì. Nínú Súrátù Nuur, ẹsẹ 35, Ọlọ́hun pe igi ólífì ní igi alábùkún. Nínú Súrátù Mu’minuun, ẹsẹ 20, Ó tún mẹ́nu ba igi kan tó ń hù lórí òkè Sínáì, tó ń mú òróró jáde. Nínú hádíìsì tí Tirmidhi gbà wá, Ànábì wa gbà wá níyànjú pé kí á máa jẹ òróró ólífì, kí á sì máa fi pa ara. Nítorí náà, fífi òróró igi tọ́jú ara kì í ṣe àṣà ìgbéraga, kì í sì í ṣe ìwà ará oko.

Ólífì kì í hù nílẹ̀ wa, àmọ́ Ọlọ́hun kò fi wá sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ní ọdún 1352, Ibn Battuta, ọmọ Mòrókò tó rìnrìn àjò káàkiri ayé Mùsùlùmí, dé ilẹ̀ Mali. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará ibẹ̀ ń rí òróró láti inú èso igi kan: wọ́n fi ń se oúnjẹ, wọ́n fi ń tan fìtílà, wọ́n fi ń pa ara, wọ́n sì ń pò ó mọ́ erùpẹ̀ láti fi rẹ́ ilé. Inú igbá ńlá ni wọ́n ń rù ú sí láti ìlú dé ìlú. Àwọn onímọ̀ gbà pé òrí wa yìí náà ni. Ẹ sì rántí pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé orúkọ Mali yẹn ni a ti rí “Ìmàle” tí Yorùbá ń pe àwa Mùsùlùmí.

Igi emi ni òrí ti ń wá. Kì í hù létí ọ̀sà bí Ìkòròdú, ilẹ̀ ọ̀dàn ló fẹ́, bí Ṣakí, Òkè-Ògùn àti ilẹ̀ Nupe. Àwọn obìnrin ni í ṣe é. Wọn a ṣa èso rẹ̀, wọn a se kóró rẹ̀, wọn a sá a, wọn a pa á, wọn a yan án, wọn a lọ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a máa fi ọwọ́ pò ó nínú omi títí ọ̀rá funfun yóò fi léfòó. Òógùn iwájú àwọn ìyá wa ló wà nínú ẹyọ òrí kan.

Ní tiwa níbi omi, àgbọn àti ọ̀pẹ ni ọrọ̀ wa. Ẹ̀kùrọ́ ni a fi ń ṣe àdí dúdú, a sì ń rẹ́ àgbọn, a ń fún omi rẹ̀, a ń sè é títí àdí rẹ̀ yóò fi yọ. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò l’Ékòó ní 1851, Ẹ̀pẹ́ ló sá lọ, àwọn Mùsùlùmí sì pọ̀ nínú àwọn tó bá a lọ. Òwò epo pupa wà lára ohun tó gbé wọn ró níbẹ̀, kí ó tó padà sí Èkó ní 1862.

Òyìnbó mọ iyì àwọn epo wọ̀nyí. Mungo Park rí òrí nítòsí odò Ọya ní 1796, ó sì yìn ín ju bọ́tà màlúù lọ. Ní 1898, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà pa epo ọ̀pẹ àti òróró ólífì pọ̀ ṣe ọṣẹ, wọ́n sì sọ ọ́ ní Palmolive. Ẹ wo bí igi ilẹ̀ tiwa àti igi inú Àlùkùránì ṣe pàdé nínú orúkọ kan! Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025, ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó kóró emi tútù lọ sókè òkun, kí iṣẹ́ àti èrè rẹ̀ lè kù sílé. Ohun tí a pè ní tàwọn arúgbó, ohun tí ayé ń wá ni.

Ìpara tó ń bó ara ńkọ́? Àwọn kan ní mẹ́kúrì nínú, èyí tó ń ba kíndìnrín jẹ́. Òmíràn ní hydroquinone ju ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún tí NAFDAC fàyè gbà lọ. Títọ́jú àwọ̀ tí Ọlọ́hun fún wa yàtọ̀ sí kíkọ̀ ọ́. Èyí àkọ́kọ́ jẹ́ ìdúpẹ́, èyí kejì jẹ́ ẹjọ́ tí a ń pe Ẹlẹ́dàá.

Ẹni tó bá fẹ́ lo òrí, kí ó fi omi bọ́jú, kí ó fi ìka mú ìwọ̀nba, kí ó yọ́ ọ láàrin àtẹ́lẹwọ́, kí ó sì fi pa ojú nígbà tí omi kò tíì gbẹ tán. Ẹni tí èéṣú máa ń yọ lójú kí ó ṣọ́ra fún àdí àgbọn, ó lè dí ihò ara. Ní ti àlùwàlá, òróró fẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọ ara kò dí omi lọ́nà. Àmọ́ bí òrí bá dì ní ìpele lórí awọ, ẹ nù ún kúrò kí ẹ tó ṣe àlùwàlá.

Ọmọ kéú wa ti ju ìpara náà nù. Ojú rẹ̀ kò tíì padà sí bó ṣe wà, ṣùgbọ́n ó ti ṣí ìborùn kúrò lójú. Ẹ̀yin òbí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ó di ẹ̀yìn ìpalára kí ẹ tó sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ yín.

Kí Ọlọ́hun ṣe ojú wa ní ojú tí yóò tàn ní Ọjọ́ Àjíǹde. Àmín.