Agnes Yewande Savage, Aṣáájú Àwọn Dókítà Obìnrin Wa

Lọ́dún 2029, yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí Agnes Yewande Savage gboyè dókítà ní Yunifásítì Edinburgh ní Scotland. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó kọ́ ìṣègùn òyìnbó yege. Síbẹ̀, ní Parakou níbí, tí yunifásítì wa ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin níṣẹ́ dókítà, àjèjì ni orúkọ rẹ̀ létí ọ̀pọ̀ wa.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní Edinburgh ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1906, tí ìyá rẹ̀, Maggie Bowie, sì jẹ́ ará Scotland, òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n ilé bàbá ọmọ là ń bi í. Richard Akinwande Savage, ọmọ Èkó, ni bàbá rẹ̀: dókítà ni, ó ń ṣe ìwé ìròyìn, ó sì wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú National Congress of British West Africa sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Yewande ọkùnrin náà ṣe dókítà, ó sì di ọ̀gá ológun nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1940. Ilé akin ni Yewande ti jáde.

Ogun tirẹ̀ dé lọ́dún 1930, nígbà tí ìjọba amúnisìn gbà á síṣẹ́ ní Gold Coast, ìyẹn Gánà òde òní. Akẹ́kọ̀ọ́ tó gba ẹ̀bùn obìnrin tó ta yọ jù lọ́dún tó jáde ni wọ́n ń san owó tó kéré sí ti òyìnbó fún! Ilé àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ ni wọ́n tún fi í sí. Mo gbìyànjú láti wo ọ̀rọ̀ náà láti ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ ìgbà náà pẹ̀lú. N kò rí àwíjàre kankan fún wọn. Lọ́dún 1931, Alec Fraser, ọ̀gá Kọ́lẹ́ẹ̀jì Achimota, gbà á ní dókítà àti olùkọ́. Ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀. Nígbà tó padà síṣẹ́ ìjọba, ipò tó sàn ni wọ́n fún un: ìtọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ ní ilé ìwòsàn Korle Bu, ní Accra, bọ́ sí ìkáwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ni wọ́n ṣe dá ilé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì sílẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ wo àwọn obìnrin tó tẹ̀ lé e gboyè dókítà: Elizabeth Abimbola Awoliyi, ọmọ Èkó, lọ́dún 1938, Susan Ofori-Atta lọ́dún 1947, Matilda Clerk lọ́dún 1949. Àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí, Savage ló kọ́ wọn ní Achimota.

Ó fẹ̀yìn tì lọ́dún 1947, ó sì kú lọ́dún 1964. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ wọ́ọ̀dù kan ní Korle Bu. Àwa Yorùbá àti Nàgó Parakou náà lè kọ̀wé sí ẹ̀ka ìṣègùn yunifásítì wa, kí wọ́n fi orúkọ Yewande sọ gbọ̀ngàn ìkẹ́kọ̀ọ́ kan.